Ta ló ń ti ilẹ̀kùn tíátà pa ní Amẹ́ríkà?

Àkànní_Harlem:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan sọ níbí pé Amẹ́ríkà ò fòfin de eré orí ìtàgé rí, pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ti wà nínú ìwé òfin wọn láti 1791, pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí iṣẹ́ tíátà ni mo ń ṣe níbí, mo sì mọ ohun tí ojú àwọn tó ṣáájú wa rí.

Lóòótọ́, Amẹ́ríkà ò ní irú ọ́fíìsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1737 títí di 1968, ọ́fíìsì ìjòyè ààfin kan tí wọ́n ń pè ní Lord Chamberlain ló ń ka ìwé eré tuntun kó tó gorí ìtàgé. Ohun tí wọ́n bá fagi lé níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Amẹ́ríkà ò yan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kéékèèké ni tiwọn, wọ́n sì pọ̀: ọwọ́ méyọ̀, ọwọ́ ọlọ́pàá, ọwọ́ ẹni tó ń buwọ́ lu láísẹ́ǹsì, ọwọ́ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán dání. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ wá ẹni tó fòfin de eré, ẹ ò ní rí i. Ilẹ̀kùn ṣáà ti tì.

Mo sábà máa ń gba Macdougal Street kọjá ní Manhattan, níbi tí Provincetown Playhouse wà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1924, eré Eugene O'Neill kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, All God's Chillun Got Wings. Paul Robeson ló ṣe ọkọ, Mary Blair tó jẹ́ òyìnbó ló ṣe ìyàwó. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ìwé ìròyìn ti gbé e káàkiri pé obìnrin òyìnbó máa fẹnu ko ọwọ́ ọkùnrin dúdú lójú gbogbo ayé. Lẹ́tà ìhalẹ̀ ń wọlé. Ìjọba ìlú ò rí òfin kankan tí wọ́n lè fi dá eré náà dúró. Kí ni wọ́n wá ṣe? Nínú ìran àkọ́kọ́, àwọn ọmọdé funfun àti dúdú ló ń ta bọ́ọ̀lù onígíláàsì ní ìkóríta. Òfin New York sì ni pé ọmọdé ò gbọdọ̀ ṣeré láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ méyọ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, ó ku wákàtí díẹ̀, ọ́fíìsì méyọ̀ John Hylan ní àwọn ò ní fún wọn ní ìwé àṣẹ.

James Light tó darí eré náà bá jáde síwájú òǹwòran, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ka ìran àkọ́kọ́ sí wọn létí látòkèdélẹ̀. Nígbà tó kà á tán ni àwọn àgbà òṣèré bọ́ sójú agbo.

Ẹ bá mi wò ó. Kò sẹ́ni tó fòfin de eré. Àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n má wọlé.

Oníjó_Ìbàdàn:

Àkànní, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi bọ́ lójú mi níbi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹni tó ń ka ìwé síta yẹn. Èmi náà ti bá ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ṣe fún ọdún mẹ́rìnlá, mo mọ bó ṣe máa ń rí kí ènìyàn ti kun ojú tán, ti wọ aṣọ tán, kí wọ́n wá ní gbọ̀ngán ò ṣí mọ́. Àwa níbí ò gbàgbé pé ìjọba Western Region fòfin de Ògúǹdé ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú. Ṣùgbọ́n òfin ni wọ́n fi dè é níṣojú gbogbo ayé. Èyí tí ẹ sọ yìí yàtọ̀, ó sì le jù lójú tèmi, torí kò sẹ́ni tí ẹ lè bá jà.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé orí Robeson ló ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn dúdú?

Àkànní_Harlem:

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ ṣáájú Robeson. Ní 1821, nígbà tí níní ẹrú ṣì bófin mu ní New York (1827 ni wọ́n tó fòpin sí i), ọkùnrin dúdú kan, William Alexander Brown, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, dá tíátà kan sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú. African Grove lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe Richard III ti Shakespeare, James Hewlett sì jọba nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá pariwo wá bú wọn ni. Brown bá ya ẹ̀yìn gbọ̀ngán sọ́tọ̀ fún wọn, ó sì lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn òyìnbó ò mọ bí wọ́n ṣe ń hùwà níbi tí àwọn ọmọlúàbí aláwọ̀ dúdú ti ń gbádùn ara wọn. Láyé ìgbà yẹn o!

Ní oṣù Kìíní 1822, wọ́n gba gbọ̀ngán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Park Theatre, tíátà ńlá àwọn òyìnbó, Shakespeare náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ọlọ́pàá gun orí ìtàgé lọ bá wọn, wọ́n sì kó wọn lọ. Ìwé ìròyìn ìgbà náà sọ pé ìgbà tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní ṣe Shakespeare mọ́ ni wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní kí wọ́n má bú ìjọba, tàbí kí wọ́n má tú ara sílẹ̀. Shakespeare ni! Ẹ̀sùn wọn ni pé ẹnu dúdú ló ti jáde. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn jàǹdùkú ya wọ tíátà náà, wọ́n lu Brown, wọ́n sì ba ibẹ̀ jẹ́ kọjá àlà.

Brown fúnra rẹ̀ kọ eré kan nípa ọ̀tẹ̀ àwọn dúdú ní erékùṣù St. Vincent, King Shotaway, tí wọ́n ṣe ní 1823. Òun ni eré àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé dúdú Amẹ́ríkà kọ. Kò sí ẹ̀dà kankan tó ṣẹ́ kù láyé. Mo ti dúró ní igun Mercer àti Bleecker níbi tí tíátà yẹn wà rí, mo dúró pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ eré láàárín wọn, Ira Aldridge, wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀ńgláǹdì ní 1824. Ó di gbajúmọ̀ káàkiri Yúróòpù. Ìlú Łódź ní Póláńdì ló kú sí ní 1867, kò tún fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà mọ́.

BàbáTíṣà:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí wọ́n ṣe sí Brown, ìwà ìkà ni, n kò ní ohunkóhun láti fi gbè é. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìlú tó ní ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fi han ọmọ. Ṣé gbogbo eré tí wọ́n tì pa náà ló jẹ́ nítorí àwọ̀? Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe wà níbẹ̀ púpọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ, n kò rò pé gbogbo ohun tí ọpọlọ bá rò ló yẹ kí ẹsẹ̀ gbé dé ìtàgé.

Ọmọ_Agbẹjọ́rò:

Ẹ kú àgbà, sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ìṣekúṣe yẹn ṣe ṣiṣẹ́, torí mo kà á nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ òfin.

Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kejì 1927, ọlọ́pàá New York ya wọ tíátà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń ṣe Sex, eré tí Mae West kọ tó sì ń ṣe fúnra rẹ̀. Ìkejì ni The Captive, nípa obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìkẹta ni The Virgin Man. Sà, Sex ti wà lórí ìtàgé láti oṣù Kẹrin ọdún tó ṣáájú! Oṣù mẹ́sàn-án ó lé ni gbogbo ìlú fi ń wò ó. Ìgbà tí méyọ̀ Jimmy Walker rìnrìn àjò tí Joseph McKee ń delé dè é ni ọlọ́pàá tó dé. Wọ́n rán Mae West lẹ́wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì ní kó san 500 dọ́là. Ó lo ọjọ́ mẹ́jọ.

Èyí tó wá burú jù ni òfin tí ìpínlẹ̀ New York ṣe lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn ènìyàn ń pè é ní òfin àgádágodo. Bí kóòtù bá dá eré kan lẹ́bi, wọ́n lè ti tíátà tí wọ́n ti ṣe é pa fún odindi ọdún kan. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: onílé tí kò kọ eré, tí kò ṣeré, òun ni wọ́n máa ti ilé rẹ̀. Onílé wo ló máa fẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn onílé fúnra wọn ló wá di ọlọ́pàá. Wọ́n ń ka ìwé eré kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngán, ohun tó bá rú wọn lójú báyìí, wọ́n á ní kí ó máa lọ. 1967 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò. Ogójì ọdún. Eré tí ẹnikẹ́ni ò kọ nínú ogójì ọdún yẹn nítorí ìbẹ̀rù, kóòtù wo ló máa kà á?

Ní Boston ńkọ́, méyọ̀ ló ń ṣe é ní tààrà. Ní 1929 wọ́n ní Strange Interlude ò gbọdọ̀ wáyé níbẹ̀, eré O'Neill tó ti gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1928. Àwọn òṣèré kó ẹrù lọ sí Quincy, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ará Boston sì ń wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

Àkànní_Harlem:

BàbáTíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀rọ̀ yín wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n fi eré kan dá yín lóhùn.

Sholem Asch jẹ́ Júù láti Póláńdì. Ó kọ eré kan ní èdè Yiddish, God of Vengeance. Ọkùnrin Júù kan ní ilé aṣẹ́wó nísàlẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé lókè. Ó ra ìwé Tórà àfọwọ́kọ sínú yàrá ọmọ náà kí ọmọ lè wà ní mímọ́. Ọmọ sì wá nífẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti ṣe eré yìí káàkiri Yúróòpù, wọ́n sì ti ṣe é ní Yiddish ní New York níbí, ariwo rẹ̀ ò kọjá àárín àwọn Júù. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dé Broadway, àdúgbò àwọn tíátà ńlá ní New York, ní oṣù Kejì 1923, ni rábì ńlá kan ní New York, Joseph Silverman, fẹ̀sùn kàn án. Ní oṣù Kẹta, wọ́n pe Harry Weinberger tó gbé eré náà jáde lẹ́jọ́ pẹ̀lú àwọn òṣèré. Kóòtù dá wọn lẹ́bi. Weinberger àti Rudolph Schildkraut tó ṣe bàbá san 200 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 1925, kóòtù tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé ìdájọ́ yẹn, ṣùgbọ́n eré ti kú.

Mi ò lè bú rábì yẹn, Bàbá. Ìgbà yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn Júù tó ń sá bọ̀ láti Yúróòpù. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bàbá inú eré náà, ohun tó pa á gan-an nìyẹn. Ó ra ohun mímọ́ bo ìsàlẹ̀ ilé mọ́lẹ̀.

BàbáTíṣà:

Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, Àkànní. Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò sọ rí. Ní 1983, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé-ìwé tí mo wà kọ eré fúnra wọn fún ìparí ọdún. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé ìran kan wà níbẹ̀ nípa tíṣà tó ń gba ọmọbìnrin sílé lálẹ́. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọ tó kọ ọ́ bẹ̀ mí pé, “Sà, ẹ kọ́kọ́ wò ó.” N kò wò ó. Mo ṣì ń rí ojú ọmọ yẹn.

Síbẹ̀, n kò tíì gbà pé kò sí àlà kankan. Mo ní ìbéèrè kan sí i. Bí ó bá jẹ́ pé owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣeré ńkọ́? Ọwọ́ afúnni ló ń lékè. Ṣé ẹni tó fúnni lówó kò lè sọ pé èyí ni mo fẹ́, èyí ni n kò fẹ́?

Oníjó_Ìbàdàn:

Bàbá, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn fún òtítọ́ tí ẹ sọ yẹn.

Lórí owó ìjọba, ẹ jẹ́ kí èmi sọ èyí, torí ìtàn tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ wa ni. Nígbà tí ebi ń pa Amẹ́ríkà, ìjọba Roosevelt dá ètò kan sílẹ̀ ní 1935 láti fún àwọn òṣèré tí kò níṣẹ́ ní iṣẹ́. Federal Theatre Project lorúkọ rẹ̀, Hallie Flanagan ló ń darí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni Orson Welles àti John Houseman ti ń palẹ̀ eré olórin kan mọ́, The Cradle Will Rock, tí Marc Blitzstein kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìgbà náà sì ni ìjà ń lọ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ irin àti ọ̀gá wọn lóòótọ́. Ó ku díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, àṣẹ dé láti Washington: kò sí eré tuntun títí di oṣù Keje, wọ́n ní nítorí owó. Ṣé ẹ rí i? Wọn ò dárúkọ eré náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1937, ẹ̀ṣọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà Maxine Elliott Theatre. Aṣọ, iná, ohun èlò gbogbo, wọ́n ní nǹkan kan ò gbọdọ̀ jáde. Òǹwòran ti pé síta. Wọ́n wá gbọ̀ngán kiri títí wọ́n fi rí Venice Theatre, ó tó òpópónà mọ́kànlélógún sí ibẹ̀. Wọ́n yá píánò kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo èrò bá kọrí síbẹ̀, àwọn míì fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń pe àwọn tó ń kọjá lọ mọ́ra. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tún ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn kankan ò gbọdọ̀ gorí ìtàgé yẹn. Blitzstein bá nìkan jókòó sídìí píánò lórí ìtàgé gbalasa, ó múra láti kọ gbogbo orin náà fúnra rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́. Bó ṣe kọ ọ́ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín àwọn òǹwòran. Olive Stanton ni, ọmọbìnrin tó ni orin náà. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, ó ń kọ ọ́ lọ. Oníná yí iná sí i. Blitzstein dákẹ́, ó ń lu píánò fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn dìde lápá ibòmíràn, òmíràn tún dìde. Wọ́n ní kí wọ́n má gun ìtàgé, wọn ò gùn ún.

Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ló wà nínú ewu yẹn o. Ọmọbìnrin yẹn lè ti pàdánù owó oṣù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àkànní_Harlem:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Kí n fi èyí kún un nípa owó ìjọba. Ní oṣù Kìíní 1936, ètò kan náà fẹ́ ṣe eré nípa ogun tí Mussolini gbé lọ bá Etiópíà. Washington ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe bí olórí orílẹ̀-èdè mìíràn lórí ìtàgé láìgba àṣẹ. Elmer Rice, tó ń darí ẹ̀ka New York, fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn òṣèré dúdú ní Seattle ṣe Lysistrata, eré àtijọ́ àwọn Gíríìkì, fún alẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀gá ètò iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà sì pa á lọ́jọ́ kejì.

Ní oṣù Kejìlá 1938 wọ́n pe Flanagan síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Aṣòfin kan, Joe Starnes láti Alabama, rí orúkọ Marlowe nínú ohun tó kọ, ó bi í bóyá kọ́múníìsì ni ẹni náà. Marlowe ti kú ní 1593! Flanagan ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ga jù nínú àwọn òǹkọ̀wé eré tó ṣáájú Shakespeare. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1939, ilé aṣòfin gé owó ètò náà, ó sì kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣèré padà sílé. Bàbá, ẹni tó ń bèèrè yẹn ló ń pinnu ohun tí aráàlú máa wò.

ÌyáÌbejì_Texas:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mi ò mọ̀ bóyá kí n dá sí i. Ọmọbìnrin mi àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà nínú ẹgbẹ́ eré ní ilé-ìwé rẹ̀ níbí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe rìhásà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, í-méèlì dé pé eré náà ò ní wáyé mọ́. Wọn ò ní ó burú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ “ètò gbọ̀ngán” ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ la tó gbọ́ pé òbí kan ló lọ fẹjọ́ sùn. Mo pe ọ̀gá ilé-ìwé, mo bi í pé ṣé ó ti ka ìwé eré náà. Ó ní ọwọ́ òun ò tíì dé ibẹ̀.

Ọmọ náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ tó fẹ́ wọ̀. Bọ́tìnnì kan ló kù tí kò tíì lẹ̀. Ó ṣì wà lórí àga nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú lára. Ṣé òfin kankan ò lè gbà wá?

Ọmọ_Agbẹjọ́rò:

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó dùn mí gan-an.

Òfin wà, ṣùgbọ́n kò dé ibi gbogbo. Àwọn kan fẹ́ ṣe eré olórin kan tí wọ́n ń pè ní Hair ní gbọ̀ngán ìjọba ìlú Chattanooga ní Tennessee. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó gbọ̀ngán kọ̀ fún wọn. Kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ náà tó ti wo eré yẹn, kò sẹ́ni tó ti ka ìwé rẹ̀. Ní 1975, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin, pé tíátà wà lábẹ́ ààbò òmìnira ọ̀rọ̀, pé ìjọba ò lè ti ilẹ̀kùn ṣáájú láìtẹ̀lé ìlànà tó máa jẹ́ kí ilé ẹjọ́ tètè dá sí i. Bẹ́ẹ̀ ló pẹ́ tó kí kóòtù tó sọ bẹ́ẹ̀ gbangba nípa eré.

Ti ilé-ìwé yàtọ̀, mà. Ní 1988, kóòtù kan náà, lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé láyè láti gé ohun tó bá jáde lábẹ́ orúkọ ilé-ìwé, tí wọ́n bá ti ní ìdí ẹ̀kọ́ fún un. Ìdí náà kì í ṣòro láti rí. Mi ò fẹ́ fún yín ní ìrètí òfo. Ṣùgbọ́n agbára wọn ò kọjá gbọ̀ngán wọn.

Àkànní_Harlem:

Mà, ẹ gbọ́ èyí. Paula Vogel kọ eré kan, Indecent, nípa gbogbo wàhálà God of Vengeance tí mo sọ níṣàájú. Ó dé Broadway ní 2017. Ní oṣù Kìíní 2023, ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà kan ní Jacksonville, Florida, tó fẹ́ ṣe é, fagi lé e. 1923, 2023. Àwọn ọmọ yẹn ò dákẹ́, wọ́n sọ ọ́ síta títí gbogbo Amẹ́ríkà fi gbọ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó lẹ bọ́tìnnì yẹn.

BàbáTíṣà:

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé bàbá arúgbó kan ní Ìjẹ̀bú fẹ́ wo eré náà, kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé fóònù sójú kan fún un.

ÌyáÌbejì_Texas:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ti Olive Stanton sí i létí lálẹ́ àná, ó ní kí n tún un kà. Wọ́n máa ṣe é ní gáréèjì wa lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́rin. Bàbá wọn ti gbé mọ́tò síta, a yá àga ogójì lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá, ọmọ mi ní òun máa gbé fóònù sórí firíìjì fún yín.

Àwọn òbí ọmọ méjì ò jẹ́ kí wọ́n wá. Ó bi mí pé ta ló máa wá ṣe ipa ìyá àgbà. Mo ní kí ó fún mi ní ìwé náà, èmi ni màá kà á.